Bàbá Mardiyah Ń Tọ Ẹ̀jẹ̀, Ẹ̀rọ Yín Ń Sinmi

Bàbá Mardiyah kú ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀. Bùràímọ̀ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ẹdẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ìwé tí dókítà kọ sọ pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló pa á. Ìwé náà kò sọ pé oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin yìí fi dúró de àwòrán kan ṣoṣo, àti pé nígbà tí wọ́n fi máa ya àwòrán ọ̀hún, ohun tí wọ́n ń wá ti kúrò níbi tí ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́.

Níbi ìsìnkú, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́fà, ó kéré tán, pé àsìkò rẹ̀ ló tó. Mo ṣe àmín fún àwọn àgbà, mo sì dákẹ́. Mi ò ní dákẹ́ níbí. Mo gba kádàrá gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe kádàrá ló gbàgbé láti bu dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀. Ènìyàn ni. Ó ní orúkọ, ó ní àga, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó máa ka èyí báyìí pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Bàbá Mardiyah jẹ́ fún yín, torí nọ́ńbà fáìlì nìkan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní ilé ìwòsàn tó ti dúró de àwòrán náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá Mardiyah fi ṣiṣẹ́ ní ilé aró ti ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Industrial Estate wa yìí, kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Òun àti Ẹ̀gbọ́n Oyèlékè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ló máa ń da ìyẹ̀fun àwọ̀ sínú àgbá omi gbígbóná, tí wọ́n á sì máa fi igi rò ó. Kò sí ìbọ̀wọ́ gidi. Kò sí ohun ìbomú, àfi àkísà tí kálukú bá rí wé mọ́ imú. Ìyẹ̀fun yẹn a máa bà lé wọn lára bí eruku ọyẹ́, wọ́n á fà á sínú, títí itọ́ ẹnu wọn fi ń gba àwọ̀.

Ìtọ̀ wọn náà ń gba àwọ̀. Èyí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnì kan bá ti ẹ̀yìnkùlé dé, àwọn yòókù á bi í pé kí ló tọ̀ lónìí, á ní àwọ̀ ewé ni, tàbí kó ní búlúù, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á tún máa lọ. Wọ́n gbà nínú ilé aró yẹn pé bí àwọ̀ bá ń bá ìtọ̀ jáde, ara ń fọ ara rẹ̀ ni. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́ kedere lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń káàánú, wọ́n á ní aró ti há sí i nínú. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fọ́máànù wọn á pín mílíìkì alágolo, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á ní kí wọ́n mu ún lójú òun, pé mílíìkì ló ń fọ àwọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bàbá Mardiyah mu mílíìkì yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò fo ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kú, iṣẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Òun àti Ẹ̀gbọ́n Oyèlékè gba àgbàlá kékeré kan ní Mafoluku, wọ́n ń pa jíǹsì òkìríkà láró fún àwọn tó ń tà á ní Òṣòdì. Òun ló pa ṣòkòtò dúdú kan ṣoṣo tí mo ní láró, lọ́dún tí mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ẹnu fún iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Mo ní kó kàn bá mi ṣe orúnkún rẹ̀ tó ti ṣá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó béèrè pé ṣé orúnkún nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ni. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró gbọngbọn, ó sì gbé e wá sílé mi fúnra rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ pupa, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò bẹ̀rù rárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gba iṣẹ́ aṣọ pupa. Ó kà á sí pé àwọ̀ ló ń jáde bó ṣe máa ń jáde látijọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n Oyèlékè pé ara òun ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ara ọmọkùnrin. Pupa náà lọ, ó tún padà. Kò dùn ún, kò ta á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni ọkùnrin yìí fi ń tọ ẹ̀jẹ̀ tó ń pè é ní aró. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á mi orí, á ní àìmọ̀kan ni. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló kó wọn jọ rí nínú ilé aró yẹn, kó sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lè pa wọ́n lógún ọdún sí i?

Sàfúrátù, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Mardiyah, ló já a. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó rí ohun tí omi ò tíì gbé lọ tán, ó sì jáde wá dúró níwájú rẹ̀. Kò pariwo. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá Mardiyah, búlúù lẹ fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Níbo ni pupa yìí ti wá?"

Ó ní ọkọ òun wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti di búlúù dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì wò ó pẹ́.

Oníkẹ́míìsì àdúgbò ní àtọ̀sí ni. Ó gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì ń wò ó bí àgbàlagbà tó lọ kó ẹ̀gbin níta. Ẹ̀jẹ̀ ò dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí mi ò ní dárúkọ níbí, torí àwọn tó ń darí rẹ̀ mọ ara wọn. Dókítà Bọ́lájí ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí mi ò ní gbólóhùn burúkú kankan fún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ojú ìtọ̀ wọlé, ó sì rí ohun kan tó hù bí olú sára ògiri àpò ìtọ̀. Ó bù díẹ̀ níbẹ̀. Àyẹ̀wò ní jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ibi tó bù náà kò jìn tó láti fi mọ ibi tí jẹjẹrẹ náà wọlé dé. Ó tún bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ bo ojú kámẹ́rà, kò rí ibi tó ń gé.

Ó ṣàlàyé fún Mardiyah, ọmọbìnrin wọn, Mardiyah sì ṣàlàyé fún mi. Àpò ìtọ̀ ní awọ nínú, ẹran sì wà lẹ́yìn awọ náà. Bí jẹjẹrẹ bá ṣì wà lára awọ, wọ́n á há a kúrò, wọ́n á máa fi oògùn fọ àpò náà, èèyàn á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Bó bá ti wọ inú ẹran, fífọ̀ ò ràn án mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè yọ àpò náà, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán àti oògùn líle bá a jà, kó tó gba ẹ̀yìn ògiri jáde. Ohun tó lè sọ èyí tó jẹ́ láìtún gé ẹran ẹnikẹ́ni ni MRI, ẹ̀rọ òòfà ràgàjì tí èèyàn ń sùn wọ inú rẹ̀, tó ń ya àwòrán inú ara ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹran ògiri àpò ìtọ̀ a máa hàn nínú àwòrán náà bí ìlà dúdú. Bí ìlà náà bá pé yípo, ewu ṣì wà níta. Bó bá já níbì kan, jẹjẹrẹ ti gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa Bàbá Mardiyah kò ju ìyẹn lọ, ṣé ìlà náà já ni àbí kò já.

Dókítà kọ ìwé fún un. Ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi Iléyá èṣí ni wọ́n fún un.

Ẹ máa rántí ẹ̀rọ náà. Wọ́n ta kánópì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo jẹ mítípáì, mo mu omi tútù, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí pé ìdààmú àwọn aláìsàn Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ti dópin. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbà mí gbọ́. Ohun tí mi ò béèrè lọ́jọ́ náà ni pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Gáàsì olómi kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, iná sì gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó ń mú un tutù tọ̀sán-tòru, wọn ìbáà máa ya àwòrán, wọn ìbáà má yà á. Bí iná bá lọ pẹ́, gáàsì náà á hó, á sì fẹ́ dànù, ẹ̀rọ náà kò sì ní lè ya àwòrán kankan mọ́.

Ní ìsinmi Iléyá èṣí, iná ìjọba lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Jẹnẹrétọ̀ gbé e di Sátidé, dísẹ́ẹ̀lì tán. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó dísẹ́ẹ̀lì sí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ ṣọdún nílé. Ẹni tó yẹ kó pè é rò pé ẹlòmíràn ti pè é. Nígbà tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gáàsì ti tán nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ta kánópì lé lórí. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni Bàbá Mardiyah dé ibẹ̀. Ó ti mu ìwọ̀n omi tí wọ́n ní kó mu, kí àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè kún díẹ̀. Ó wọ jalábíà tí kò ní irin kankan lára, ó ti bọ́ òrùka rẹ̀ sílé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má sọ pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka kan, ẹ̀ka yẹn ní kì í ṣe tábìlì àwọn ló yẹ kí lẹ́tà wá. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ẹ̀rọ wà lábẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì fi nílọ́ọ̀nù bo ìwé náà kí òjò má bà á. Ẹ dákun, ẹ bá mi wo èyí. Ẹnì kan jókòó, ó ronú, ó rí i pé ìwé yẹn máa pẹ́ níbẹ̀, ó sì lọ wá nílọ́ọ̀nù. Kò lọ wá ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe. Láàárín oṣù mẹ́jọ náà, ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kò fi ọjọ́ kan dákẹ́, mo bi àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ wò.

Ìyá Mardiyah ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kì í bá a jà, ó máa ń pè é ní màmá, á ní kó máa ṣe sùúrù. Mardiyah gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ibi aládàáni kan ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ tiwọn kéré, agbára òòfà rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀yìn àti orúnkún ló mọ̀ ọ́n yà. Àwòrán àpò ìtọ̀ jáde bàìbàì, ìwé tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e sì sọ pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ògiri rẹ̀. Dókítà Bọ́lájí ń fọ àpò náà bí ẹni pé orí awọ ni jẹjẹrẹ ṣì wà, torí kò lè fi ìméfò yọ ẹ̀yà ara ọlọ́mọ. Ó sọ fún Mardiyah pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú ìtọ̀ Bàbá Mardiyah, á dí ojú ìtọ̀ rẹ̀ pa, wọ́n á gbé e dìde pẹ̀lú inú tó ti le bí ìlù, wọ́n á lọ ti rọ́bà bọ̀ ọ́ kó tó lè tọ̀. Ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó sì wú síbẹ̀. Kò lè lọ sí Mafoluku mọ́. Búlúù ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀, títí mo fi rí àwọ̀ ara rẹ̀ gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sì dùn mọ́ mi láti rí i.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Wọ́n ya àwòrán Bàbá Mardiyah. Mo tẹ̀ lé Mardiyah lọ gbọ́ èsì. Dókítà Bọ́lájí gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó fi ẹnu bíró tẹ̀ lé ìlà dúdú náà lọ, díẹ̀díẹ̀, yípo, ó sì dé ibì kan tí kò sí ìlà mọ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́. Ohun kan tó ní àwọ̀ eérú ti gba ibẹ̀ tú jáde sínú ọ̀rá tó wà lẹ́yìn, ó sì ti fara ti egungun ìbàdí. Kò sẹ́ni tó nílò láti jẹ́ dókítà kó tó rí i. Dókítà Bọ́lájí gbé bíró sílẹ̀.

"Ká ní mo rí èyí lóṣù kẹfà èṣí ni, ǹ bá ti yọ àpò yẹn fún wọn. Mi ò lè búra pé wọn ò ní kú. Ṣùgbọ́n ǹ bá ní nǹkan tí mo lè ṣe."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni Bàbá Mardiyah lò lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, bí àwọn àlejò ṣe ń tú ká, Ẹ̀gbọ́n Oyèlékè fà mí lọ sí ẹsẹ̀ àkàsọ̀ ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ sọ. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bi í pé kí ló dé. Kò wo ojú mi.

"Oníròyìn, èmi náà ti ń tọ pupa, ó ti lé lóṣù mẹ́ta. A ò sì tíì gba iṣẹ́ pupa kankan lọ́dún yìí."

Mo bi í nípa àwọn yòókù tí wọ́n jọ wà nílé aró. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn, òun àti Bàbá Mardiyah pẹ̀lú. Ó ń ka wọ́n lórí ìka fún mi. Zakariyah ti kú, wọ́n ní àtọ̀sí tí kò gbóògùn ni. Aaron ti kú, wọ́n ní kíndìnrín. Ẹnì kan padà sí Ìwó pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò, ibẹ̀ ló kú sí, wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ṣe é. Nígbà tó fi máa kà á tán, mẹ́fà ti lọ, ti Bàbá Mardiyah ṣìkeje. Àwọn mẹ́ta wà tí kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ẹni tó kù ni òun tó dúró síwájú mi. Ó ti ń fi ìka tó fi ń kà wọ́n kan àyà ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ yẹn, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà lónìí, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Bí àwọ̀ yín kò bá léwu, kí lẹ fi ń pín mílíìkì? Ẹ ò pín in fún àwọn tó ń di aṣọ sínú páálí. Ẹ ò pín in fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Inú ilé aró nìkan lẹ ń gbé e lọ, ẹ sì ní kí wọ́n mu ún lójú fọ́máànù. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ra mílíìkì yẹn mọ nǹkan kan tí àwọn tó ń mu ún kò mọ̀. Kí ló mọ̀, ta ló sì sọ fún un? Orúkọ àwọn mọ́kànlá yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín. Ẹ mú un jáde. Ẹ̀yin aláṣẹ ètò ìlera àti ti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì wá àwọn mẹ́ta tó kù rí, kí wọ́n tó pe ẹ̀jẹ̀ ní aró bí Bàbá Mardiyah ṣe pè é.

Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, tiyín ló kù. Dókítà Bọ́lájí ti kọ ìwé MRI fún Ẹ̀gbọ́n Oyèlékè. Mo rí káàdì rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi Iléyá ọdún yìí ni wọ́n tún kọ síbẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè ẹni tí yóò máa bójú tó dísẹ́ẹ̀lì nígbà ìsinmi. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní kí n lọ bá ẹ̀ka iná. Ẹ̀ka iná ní ẹ̀ka ẹ̀rọ ló ni ín. Ẹ̀ka ẹ̀rọ ní kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tí mo kọ́kọ́ bá, ẹni yẹn sì ti lọ jẹun. Ẹ̀yin kan náà ni, jẹnẹrétọ̀ kan náà ni, ìsinmi kan náà ló sì ń bọ̀ yìí.

Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún gbogbo ìlú ẹni tó lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́dún tó kọjá, àti ohun tí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sì fẹ́ orúkọ kan fún ti ọdún yìí. Mi ò fẹ́ orúkọ ẹ̀ka, mi ò fẹ́ orúkọ ìgbìmọ̀. Orúkọ ènìyàn ni mo fẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà kó tó di ọjọ́ Àráfà tó ṣáájú Iléyá, kí Ẹ̀gbọ́n Oyèlékè lè mọ ẹni tó máa pè bí iná bá lọ. Bí ẹ bá sì wá gbogbo ilé ìwòsàn náà, tí ẹ ò rí ẹnì kan tó gbà kí ẹ kọ orúkọ òun síbẹ̀, ẹ tètè sọ fún wa nísinsìnyí, nígbà tí ọkùnrin náà ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbòmíràn.